Ìdí Tonlegee

Kọ́áyà Tonlegee tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Ailbhe Tuohy rí wọn láti ìdí dùùrù ilé-ìwé tó ń tẹ̀ fún wọn, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ìka rẹ̀ ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ti dorí kodò, èjìká wọn ń mì. Àwọn obìnrin iwájú fi ìwé orin bojú. Cóilín Gannon, tó ń pín lẹ́tà láàárọ̀ tó sì ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nírọ̀lẹ́, fa aṣọ ìnujú yọ, ó nu ojú, ó fun imú, ó sì padà sínú orin bí ọmọ ogun tí ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jinná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Ailbhe ti ń kọ́ wọn lórin yìí, kò sì sí ìdánrawò kan tí omijé ò bọ́. Tí wọ́n bá ti dé ibi tí orin ti ń pe orúkọ ìlú wọn, tí ohùn gùn tó sì ròkè, ẹnì kan á kọ́kọ́ mì, ìyókù á sì tẹ̀lé e.

Báyìí ni ogún baba ṣe ń wọni lára, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Àwọn èèyàn yìí ti gbàgbé ara wọn, èmi ni mo wá rán wọn létí. Àánú wọn ṣe é díẹ̀. Àánú ara rẹ̀ náà ṣe é, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe irú oore báyìí fún ìlú, ìgbà tó bá kú tán ni wọ́n máa ń gbẹ́ ère rẹ̀, wọn a sì gbé e síbi tí ẹyẹ á ti máa yàgbẹ́ sí i lórí.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń kọ orin ìpolówó ọjà. Òun ló kọ orin sọ́sééjì tí gbogbo ọmọdé Dublin mọ̀ lórí, òun náà ló kọ ti àwọn tó ń ta fèrèsé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ló wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Tonlegee, ní etí òkun Mayo nílẹ̀ Ireland, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí òjò ò rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà. Ó we ìborùn pupa mọ́rùn, ó kọjú sí omi, ọkàn rẹ̀ sì ṣí. Ó rí orúkọ ìlú náà lórí máàpù, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, ó sì wò ó. Tonn, ìgbì. Gaoth, afẹ́fẹ́. Tonn le gaoith: Ìgbì pẹ̀lú Afẹ́fẹ́. Inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló ti fa orin ogójì ìṣẹ́jú yọ, fún eléré méjìléláàádọ́ta àti kọ́áyà: fáyólìn fún ìgbì, ìwo fún àpáta, ìlù ńlá fún ààrá, àti fèrè kan ṣoṣo fún ẹyẹ kan tí kò rí rí, ṣùgbọ́n tó dá a lójú pé ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ lònìí. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹgbẹ́ eléré máa dé láti Galway, wọ́n á ṣe orin náà ní gbangba lórí pápá ẹ̀bá èbúté. Ọ̀gbẹ́ni Hession, tó ń yan orin fún gbọ̀ngàn kan ní Dublin, máa wà níjòókòó iwájú. Tó bá wọ̀ ọ́ létí, orin Ailbhe á wọ ìlú ńlá. Tí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n Ailbhe ọkùnrin ní ọ́fíìsì ìbánigbófò, ó sì ti ya àga kan sọ́tọ̀ fún un níbẹ̀, àga aláwọ tó ń yí. Ailbhe ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí. Tí èyí náà bá fìdí rẹmi, ní Ọjọ́ Ajé òun á wá jókòó.

Ó padà sílé Nóirín Bheartla, opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó gbà á sílé, ó bá a nídìí ààrò tó ń gé búrẹ́dì. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn.

"Màmá, ẹ ò bá wà níbẹ̀ lónìí. Gbogbo wọn ló sunkún. Cóilín gan-an sunkún."

Nóirín dá ọ̀bẹ dúró. "Cóilín wo? Ti lẹ́tà?"

"Òun ni."

"Cóilín kò sunkún níbi òkú ìyá rẹ̀. Ó bi fádà bóyá àdúrà yẹn ṣì kù púpọ̀."

"Orin ló mú un, Màmá."

"Orin wo ló lágbára tó bẹ́ẹ̀? Jókòó, mu tíì, kí o sì kọ ọ́ kí n gbọ́."

Ailbhe kò jókòó. Ó dúró láàárín ilé, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́yà, ó sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí, tí "o" inú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gùn bí ọ̀nà Castlebar. Nígbà tó ṣíjú, Nóirín ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ajá tó gbé bàtà ẹlòmíì wọlé.

"Tún un kọ."

Ó tún un kọ.

"Ọmọ mi, kí lo rò pé ò ń sọ?"

"Ìgbì pẹ̀lú Afẹ́fẹ́. Orúkọ ìlú yín ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè."

"Ìwé yẹn, ṣé ó ti wá síbí rí?" Nóirín da tíì sínú kọ́ọ̀bù méjì, kò sì yára. "Tonn ni ìgbì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Tonn ni orúkọ wa. Tóin ni. Tóin le gaoith."

Ailbhe mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ọmọ tó jókòó ní kíláàsì ní ilẹ̀ Ireland tí kò mọ̀ ọ́n, òun ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ há sórí tí tíṣà bá ti yí ẹ̀yìn.

"Tóin," ló tún sọ, bí ẹni tó ń ka orúkọ ara rẹ̀ lára ibojì.

"Èyí tí wọ́n fi ń jókòó," ni Nóirín wí. "Ìdí sí Afẹ́fẹ́. Bí ìlú yìí ṣe ń jẹ́ nìyẹn láti ìgbà tí àgùntàn ti ń jẹko níbí. Àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó wá wọn ilẹ̀ ló kọ ọ́ gátagàta sórí máàpù. Bóyá ojú tì wọ́n, bóyá wọn ò gbọ́. Jókòó, jàre."

Ailbhe jókòó. Ẹni tó bá ti rí bí àmì kékeré orí ọ̀rọ̀ ṣe ń sọ ọkọ ilé di ọkọ́ oko kò ní bi í ohun tó ń ṣe é. Ohun tó tún burú jù ni pé bí àwọn kọ́áyà bá tiẹ̀ fẹ́ pe ìgbì tọkàntọkàn, orin tó fúnra rẹ̀ kọ ti fa fáwẹ́lì náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ìdí lẹ́nu wọn.

"Ìgbà mélòó lo ní kí wọ́n pè é?" ni Nóirín bi í.

"Ìgbà mọ́kànlélógójì."

"Ìdí mọ́kànlélógójì." Màmá náà rò ó wò. "Ó pọ̀ fún ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ò ju àádọ́rin lọ."

Ailbhe rántí àwọn èjìká tó ń mì. Ó rántí àwọn ìwé tí wọ́n fi bojú. Lẹ́yìn náà ló rántí ìwé ètò tí wọ́n ti tẹ̀, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tó fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí pé: "Mo wá ìdí ilẹ̀ yìí títí mo fi rí i, mo sì gbá a mọ́ra." Ó gbé orí lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà.

"Mo ka ibẹ̀ yẹn," ni Nóirín wí. "Mo rò pé àwàdà ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ailbhe lọ bá Cóilín níwájú ilé-ìfìwéránṣẹ́, níbi tó ti ń to lẹ́tà sínú ọkọ̀. Ó ti pinnu pé òun ò ní bínú. Kò pẹ́ tó fi bínú.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ẹ ò sọ fún mi."

"Tíṣà, ẹ ò bi wá."

"Báwo ni mo ṣe máa bi yín? Ṣé kí n máa bi èèyàn bóyá ìdí lorúkọ ìlú rẹ̀?"

"A rò pé ẹ mọ̀ ni." Cóilín gbé ìdì lẹ́tà kan sábẹ́ àgbọ̀n. "Ẹ̀yin ará Dublin, kí lẹ ò lè fi kọrin? Ẹnì kan wá síbí níjelòó tó ń fi bíríkì lu bíríkì fún odindi wákàtí kan. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sunkún, òun náà."

"Ẹ gbọ́, ẹ má pe orúkọ náà mọ́ lọ́la. Gbogbo ibi tó bá ti wà, ẹ kàn máa kọ Aa. Aa nìkan. Ohùn ò ní yí padà."

Cóilín dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín tó ti wà lójú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kúrò níbẹ̀, Ailbhe sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ojú àgbàlagbà lojú náà.

"Kí lorúkọ náà ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni Hession ń bọ̀ ni."

"Ẹn-ẹ́n. Nígbà tó jẹ́ ìgbì, ó yẹ lára ìwé tó ń dán. Nígbà tó wá di ìdí, ó di Aa." Ó pa ìlẹ̀kùn ọkọ̀ dé. "Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Boston, Tíṣà. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti wà níbẹ̀. Tó bá kọ lẹ́tà sí mi, Tóin le gaoith ló ń kọ sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àmì orí o. Kò kọ Aa rí."

"Cóilín, ẹ jọ̀ọ́."

"A ó kọ Aa yín fún yín. A ti fọkàn sí i pé a ó bá yín ṣe é. Àmọ́ ẹ má retí omijé."

Ó wa ọkọ̀ lọ. Ailbhe dúró sójú títì, kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ṣẹ̀ tàbí òun ló ṣẹ̀ wọ́n, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan lára méjèèjì ló máa bá òun sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nóirín ní kó bá òun ka àgùntàn lórí òkè. Òjò wẹẹrẹ ń fẹ́ wá láti orí òkun, kò rọ̀ wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Àgùntàn bíi ọgbọ̀n ló wà lórí koríko, gbogbo wọn ló sì kọ ìdí sí òkun, bí ìjọ tó bínú sí fádà.

"Wò wọ́n," ni Nóirín wí. "Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wá wo ilé mi nísàlẹ̀. Fèrèsé mélòó ló kọjú sí omi?"

Ailbhe wò. Ògiri funfun gbọnrangandan ló rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń wọlé jáde níbẹ̀, kò kíyè sí i rí. Ó wo ilé kejì àti ìkẹta. Gbogbo ìlú ló yí ẹ̀yìn padà sí ohun tó fi ogójì ìṣẹ́jú kọrin yìn.

"Ẹni tó bá ń kọjú sí i níbí," ni Nóirín wí, "àlejò ni, tàbí ẹni tó ń ya fọ́tò. Níbo làwọn eléré rẹ máa kọjú sí lọ́la?"

Ailbhe nàka sí omi. "Òkun. Mo fẹ́ kó wọ̀ wọ́n lójú bí wọ́n ṣe ń ṣeré."

"Á wọ̀ wọ́n lójú."

"Mo ti fi orúkọ yín sára àga iwájú, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Hession."

"Fún aṣòfin lága mi. Orí ògiri òkúta lẹ́yìn ni mo máa wà, lọ́nà ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ lorin máa ń bá a lọ."

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ràn láàárọ̀ láti tan àwọn èèyàn jẹ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ìjókòó ti kún. Ọ̀gbẹ́ni Hession jókòó níwájú, ọkùnrin gíga tó rẹ̀ bí ẹni tí orin ti ń lépa láti kékeré. Fádà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, aṣòfin wà lọ́wọ́ òsì lórí àga Nóirín. Gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí òkun, kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n, bí wọ́n ṣe to àga ni. Àwọn eléré méjìléláàádọ́ta kọjú sí wọn, wọ́n kọjú sí omi, aṣọ dúdú lọ́rùn wọn. Lẹ́yìn àwọn eléré ni kọ́áyà wà lórí tírélà koríko méjì. Cóilín wà láàárín, ó ti fá irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ sì le bíi sítáǹpù.

Lorcan Gilhooly, olùdarí orin, gun pèpéle rẹ̀. Ó ní irun tó pọ̀, ó sì mọ̀ pé ó ní in. Ó gbé ọ̀pá sókè.

Afẹ́fẹ́ ti ń dúró dè é.

Ìgbì àkọ́kọ́ látẹnu fáyólìn kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ìwé orin àkọ́kọ́ fi gbéra. Wọ́n ti fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ dè wọ́n, pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n yá láti ilé mẹ́sàn-án, àmọ́ afẹ́fẹ́ gbé ìwé, ó gbé pẹ́ẹ̀gì, ó sì ju ọ̀kan lu agogo lẹ́yìn, èyí tó jẹ́ ohùn tó dáa jù tí wọ́n ti gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin onífèrè gbé ẹyẹ Ailbhe sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ ẹ padà sí i lọ́fun. Ẹyẹ náà kú. Àwọn oníwo ń fẹ́, ojú wọn pọ́n, kò sóhun tó jáde. Omi òkun wọ̀ wọ́n lójú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ orin ṣe fẹ́, wọn ò sì ríran mọ́. Nígbà tó kan kọ́áyà, wọ́n la ẹnu, wọ́n ní "Aa," bí aláìsàn níwájú dókítà. Ẹni tó bá la ẹnu báyẹn sí afẹ́fẹ́ Tonlegee, afẹ́fẹ́ ló máa jẹ yó. Cóilín gbé nǹkan kan mì tó ní ìyẹ́. Kò sẹ́ni tó mì èjìká. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ailbhe jókòó ní ìpẹ̀kun ìlà iwájú, ó di ìwé ètò mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti lu. Ó rí i tí Ọ̀gbẹ́ni Hession gbé fìlà rẹ̀ nílẹ̀. Ó rí i tó tẹ̀ sí fádà létí, tó sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ tó ní ọ̀wọ̀, tó dìde, tó rọra gba ẹ̀gbẹ́ àwọn eléré kọjá lọ sápá ibi tí mọ́tò rẹ̀ wà. Ailbhe rí àga aláwọ tó ń yí. Ó rí ara rẹ̀ lórí rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àwọn àgùntàn Nóirín wọ̀ ọ́ lójú lórí òkè lẹ́yìn tírélà, funfun kéékèèké, gbogbo wọn lọ́nà kan náà. Ó dìde. Kò tíì rò ó tán tó fi gun àpótí tí wọ́n fi kó ìlù wá, tó sì ké pẹ̀lú ohùn tó ti fi tajà sọ́sééjì fún ọdún mọ́kànlá.

"Tóin le gaoith," ló ké. "Ẹ kọ ìdí sí afẹ́fẹ́. Gbogbo yín. Ẹ yí padà."

Àwọn eléré dúró, wọ́n ń wò ó. Fádà náà ń wò ó. Àwọn kọ́áyà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Cóilín wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú tó le yẹn tú sí ẹ̀rín láti etí dé etí.

"Ẹ gbọ́ Tíṣà," ló wí, ó sì yí ara padà lórí tírélà.

Ogún èèyàn yí tẹ̀lé e, ogún ìdí ìlú Tonlegee, àwọn tó sanra àtàwọn tó gbẹ, níwájú aṣòfin gangan. Àwọn eléré rí i pé afẹ́fẹ́ ò fẹ́ àwọn kọ́áyà lójú mọ́, àwọn náà gbé àga, wọ́n gbé ìwé, oníbáàsì gbé báàsì rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ìyàwó rẹ̀ tó mutí yó, wọ́n yí padà. Afẹ́fẹ́ gbá ìrù kóòtù dúdú àwọn ọkùnrin sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ dáadáa ló ń jẹ́ ká rí fùrọ̀ adìẹ. Ọjọ́ náà ni fádà rí ti gbogbo agbo.

Lorcan Gilhooly kò ní ibòmíì tó lè lọ. Ó sáré yí wọn ká, ó gun kẹ̀kẹ́ koríko kan lódìkejì, òun nìkan ló wá kọjú sí òkun. Irun rẹ̀ dìde bí ẹni tó rí iwin. Omijé ń da lójú rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá.

Orin náà sì dún. Ẹ̀yìn àádọ́rin èèyàn ti di ògiri tí kò ní fèrèsé, ibi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì parọ́rọ́ bí ilé ìdáná Nóirín. Ìwé orin dúró. Fèrè ríbi mí, ẹyẹ náà jí. Àwọn ìwo gbé àpáta wọn sókè, afẹ́fẹ́ gbé e lé èjìká, ó ń gbé e lọ sókè ilẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ òkun, kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó jókòó níwájú, lọ sápá ibi tí mọ́tò wà. Nígbà tó kan orúkọ ìlú, kò sẹ́ni tó kọ Aa. Wọ́n pe ìdí náà bó ṣe wà, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, ó gùn, ó ga, ó rọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sì fi ìwé bojú mọ́, ẹ̀rín náà sì ti wọ inú ohùn wọn, ó fún un ní ara tí Ailbhe kò kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kẹwàá, àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ń gbè é. Ailbhe dúró lórí àpótí, kò gbọ́ ju ìdajì lọ, torí ẹ̀gbẹ́ tí kò dáa ni òun wà.

Nígbà tó parí, ó sáré lọ síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, láti rí bóyá eruku taya ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hession kò lọ. Ó jókòó sórí ògiri òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nóirín, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ kan, ó mú búrẹ́dì Nóirín lọ́wọ́ kejì.

"Mo bi màmá yìí ohun tí wọ́n ń pè," ló wí. "Wọ́n sọ fún mi."

"Mo là á yé e," ni Nóirín wí. "Mo fi ọwọ́ júwe."

Ailbhe sọ òtítọ́. "Ìgbì ni mo rò pé ó jẹ́."

"Mo gbọ́ ọ. Apá àkọ́kọ́ yẹn, ìgbì náà ni látòkè délẹ̀." Hession bu búrẹ́dì jẹ. "Gbogbo ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan létí òkun ló ń kọ ìgbì fún mi. Mo ní ìgbì méjìdínlógún nínú dúrọ́ọ̀. Mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò nígbà tí èyí tó kù wá bá mi lẹ́yìn. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí níbì kan." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni. "Ẹ tún apá àkọ́kọ́ kọ. Ẹ yọ ìgbì kúrò. Tó bá dé ọwọ́ mi kí ọdún tó parí, màá wá àyè fún un ní oṣù kejì. Nǹkan kan ṣá ni. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ Ìgbì pẹ̀lú Afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀ lára pósítà. Ó máa ń tà."

Cóilín ti dé lẹ́yìn Ailbhe, òun àti mẹ́ta mẹ́rin nínú kọ́áyà, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń wá mọ́tò. Kò sẹ́ni nínú wọn tó ní mọ́tò níbẹ̀.

Ailbhe ro gbọ̀ngàn Dublin. Ó ro oṣù kejì, iná fìtílà lórí fáyólìn, ìyá rẹ̀ níjòókòó. Ó ro lẹ́tà láti Boston.

"Rárá," ló wí. "Orúkọ ìlú náà ni, pẹ̀lú àmì orí o. Tí wọn ò bá rí àyè fún àmì náà, kí wọ́n dá orin mi padà."

"Ìdajì àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni kò ní mọ ohun tó jẹ́," ni Hession wí.

"Ìdajì tó mọ̀ á sọ fún wọn," ni Nóirín dáhùn.

Hession ronú títí búrẹ́dì fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi orin náà ránṣẹ́ ṣá, òun ò ṣèlérí kankan, ṣùgbọ́n ó ní kí Nóirín kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún òun gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Nóirín kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ètò, ó sì fa àmì orí o náà gùn tó fi jọ ẹ̀gún.

Nígbà tí Hession lọ tán, Cóilín yọ aṣọ ìnujú, ó nu ojú.

"Afẹ́fẹ́ ni," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Ailbhe dáhùn.

"Ó gùn jù, àmọ́," ni Nóirín wí. "Ìdí mẹ́wàá ì bá tó."

Ní Ọjọ́ Ajé, Ailbhe jáde sí ojú ọ̀nà lókè èbúté, níbi kan ṣoṣo tí fóònù ti ń mú, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún un pé kó fi ẹlòmíì sórí àga yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n náà sì dá a dúró.

"Mi ò gbọ́ ẹ. Kí ló ń pariwo báyẹn?"

"Afẹ́fẹ́."

"Yí ẹ̀yìn sí i, jọ̀ọ́, kí n lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ."

"Mo ti yí i," ni Ailbhe wí.